Ibi Ọmọ

Ìbọ̀wọ́ tó dé èjìká ni wọ́n fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́,
aláwọ̀ ọsàn, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti gbẹ̀bí fún ọdún mọ́kànlá ní Ìlobùú,
n kò rí ìbọ̀wọ́ tó gùn tó báyìí rí.

Oṣù kejì ni, lẹ́bàá Llandeilo. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá,
ńṣe ló máa ń kùn bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.
Odò Tywi ti kún jáde, ó sùn sórí pápá.

Igba-ó-lé-mẹ́rin bímọ lóru Ọjọ́rú.
Nọ́ńbà etí rẹ̀ nìyẹn; orúkọ, kò ní.
Ìbejì ni, akọ kan, abo kan.
Idwal Prydderch fajú ro: akọ kò ní wàrà,
abo tó bá akọ pín ilé-ọmọ kì í lóyún.
N kò lè sọ fún un bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ìbejì nílé wa.
Wọ́n gbé àwọn ọmọ lọ kó tó lá wọn tán.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀: ẹ kú ewu ọmọ.
Ẹlòmíì kò kí i.

Ilẹ̀ mọ́, ibi kò tíì bọ́.
Ó ń fì lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tí ẹnìkan gbàgbé sórí okùn.
Nílé, bí ibi ọmọ bá pẹ́ báyẹn,
ohùn àwọn àgbà á ti lọ sílẹ̀ nínú yàrá.
Níbí, Idwal ní kí n má fà á.
"Á rà, á já fúnra rẹ̀."

Ó rà lóòótọ́.
Lọ́jọ́ karùn-ún, òórùn kan pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.
Kì í ṣe ti ìgbẹ́, kì í ṣe ti koríko tó ti kan;
òórùn tí mo mọ̀ ni. Yàrá kan, obìnrin kan,
tí wọ́n gbé dé pẹ̀lú ibà lọ́jọ́ kẹfà.
N kò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ilé màlúù.

Ohun tó ń jáde pupa rẹ́súrẹ́sú bí omi tí a fi ṣan ẹran.
Ooru ara ogójì àti ààbọ̀. Etí tutù.
Kò jẹun. Ó ń wo ògiri.

Ẹ wo bí èdè wa ti gbọ́n tó, tó tún burú:
oyún lọ tán, ó ku ọyún.
Àmì tíńtín kan lábẹ́ lẹ́tà,
ibẹ̀ ni àwọn àìfojúrí gbà wọlé.
Ilé-ọmọ ṣófo, wọn kò bèèrè lọ́wọ́ onílé,
wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ń bí sí i;
oyún tiwọn kì í pẹ́, ibi tiwọn kì í há.

Nerys, dókítà ẹran, dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ti lu.
Ọwọ́ rẹ̀ wọlé ré kọjá ìgúnpá, ojú rẹ̀ ń wo àjà
bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nísàlẹ̀ àpò.
Abẹ́rẹ́, ọjọ́ mẹ́ta. Wàrà rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé inú táǹkì.
Èmi ni mo ń dà á nù, garawa méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́,
funfun báláú sínú gọ́tà.
Ojú ń tì mí. N kò mọ ẹni tí mò ń tijú fún.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà. Idwal dúró pẹ̀lú agolo ọ̀dà méjì:
pupa fún ọkọ̀ alápatà,
búlúù fún ẹni tí yóò dúró.
Nerys tẹjú mọ́ ẹ̀rọ awòran. Ó pẹ́.
"Ó ti mọ́, àfi kurukuru díẹ̀ lápá òsì.
Fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Idwal mi agolo pupa; òkúta inú rẹ̀ dún.
Ó gbé e sílẹ̀. Ó ní kí n lọ ṣí géètì.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá sínú òjò, abiyamọ yẹn,
kò sí ọ̀dà kankan lẹ́yìn rẹ̀.