Ohun Tí Visvaldis Kọ Sílẹ̀

Aago mẹ́rin òru ní Kuldīga. Yìnyín ti dí ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ,
odò Venta ti dì gbagidi, àwọn ẹyẹ ń rìn lórí rẹ̀.
Ṣùgbọ́n nínú tẹlifíṣọ̀n wa, ní Pẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, oòrùn ń ta bí ata,
àwọn òǹwòran ń fi fìlà fẹ́ra,
ọmọ tí ń ṣa bọ́ọ̀lù ń fi apá ẹ̀wù nu òógùn.
Visvaldis wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn. Ó ṣí ìwé rẹ̀.

Ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já;
okùn rákẹ́ẹ̀tì ni mo fi rán an, ẹ̀ẹ̀mejì.
Inú rẹ̀ ni Látfíà wà,
láti ọdún tí a kọ́kọ́ rán ọkùnrin kan àti obìnrin kan
lọ sí ìpẹ̀kun ayé, kí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù lórúkọ wa.

Pẹ́ńsù ló fi ń kọ ìgbà tí a bá pàdánù,
yíǹkì ló fi ń kọ ìgbà tí a bá borí.
Mo ní, “Ṣé o rò pé wọn yóò yí i padà ni?”
Kò dá mi lóhùn. Ó gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù náà.

Ọdún kẹta: Skaidrīte borí, Ilgvars ṣubú, àwọn méjèèjì jọ ṣubú.
Ọdún kẹrin: a ò lọ. Kò sówó.
Ọdún karùn-ún: Skaidrīte tún borí. Ilgvars ń gbéyàwó lọ́wọ́;
ẹni tó lọ dípò rẹ̀, ẹ má bi mí.
Ọdún kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Orúnkún.
Gbogbo ìlú ló mọ orúnkún ẹni tó ń wí.

Obìnrin á kọ́kọ́ kojú obìnrin, ọkùnrin á kojú ọkùnrin.
Bó bá di ọ̀kan sí ọ̀kan,
àwọn méjèèjì á jọ dúró sí apá kan àwọ̀n.
Ibẹ̀ ni orílẹ̀-èdè odindi ti ń di tọkọtaya.
Ta ni yóò gba ti àárín?

Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún méjìlá lèmi àti ọkọ mi fi gbá a
ní pápá ilé-iṣẹ́ ìṣáná, amọ̀ pupa lẹ́sẹ̀ wa.
Àwọn tó ń gbá a kíkan kíkan kọ́ ló fẹ́ẹ̀ tú wa ká,
bọ́ọ̀lù àárín ni.
“Tìẹ ni!” “Tìẹ ni!”
Á gba àárín wa kọjá bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí.

Lálẹ́ yìí, Renārs àti Elvita, ọ̀kan sí ọ̀kan.
Sẹ́ẹ̀tì kẹta di mẹ́fà sí mẹ́fà,
Visvaldis sì sùn lọ.
Ọkùnrin tí kò sùn nígbà orúnkún!
Gègé wà lórí itan rẹ̀, ó ti ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ de ìròyìn ayọ̀.
Mi ò jí i. Dókítà ti sọ ohun tó sọ.

Bọ́ọ̀lù kan gba àárín wá, kò tilẹ̀ yá.
Renārs wo Elvita. Elvita wo Renārs.
Mo lahùn nínú yàrá mi, “Tìẹ ni!”
èmi gan-an ò mọ ẹni tí mo ń bá wí.

Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ ọ́.
Mo wá pẹ́ńsù lábẹ́ àga, mo wá a lábẹ́ ológbò.
Mo mú gègé.
Pẹ̀lú yíǹkì, bó ti rí gan-an, mo kọ ọ́:
*A pàdánù. Ti àárín ni. Wọ́n gbá a dáadáa.*

Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí ó tó lajú.
Ó rí yíǹkì kí ó tó rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀,
ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìgbà pápá ìṣáná.
Mo lọ gbé omi kaná.
Mo jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín náà tán.