Kò Dùn

Ní Santoríìnì, àjàrà kì í nàró.
Afẹ́fẹ́ òkun kò gbà fún un.
Màkéla a máa ká a mọ́lẹ̀ bí òṣùká,
èso á sì sá sínú rẹ̀ bí ẹyin sábẹ́ adìẹ,
lórí eérú òkè tó ti bínú rí.
Òjò? Ìròyìn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.
Ìrì òru ni gbòǹgbò ń lá.

Ó bu wáìnì fún mi nínú ife tó ń làágùn.
Àwọ̀ koríko gbígbẹ. Mo tọ́ ọ wò:
ó ta mí létè bí ọsàn wẹ́wẹ́,
iyọ̀ díẹ̀ tẹ̀ lé e,
àti òórùn òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.
Ẹnu mi gbẹ, itọ́ sì tún ń dà.

"Kò dùn," mo wí.
Màkéla ti ẹja sísun sí iwájú mi:
"Ta ló bi ọ́ léèrè oyin?
Jẹ eléyìí, kí o tún mu."

Mo jẹ. Mo tún mu.
Háà.

Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni Sitamátì, ọkọ òun:
kì í pọ́n ẹnikẹ́ni.
Ìgbà tó lọ tán
ni gbogbo àdúgbò ń wo ẹnu ọ̀nà.