Ìwé Akápò

Gbà á, Sìkírátù. Ìwé nìyí.
Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa ni ti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́.
Eku Òkèlélé ti jẹ etí rẹ̀,
wọn ò jẹ iye owó kankan. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Agolo bisikíìtì la fi bẹ̀rẹ̀,
ní ìloro ilé Mógàjí, alẹ́ ọjọ́ tí iná lọ.
A ò ju mọ́kànlá lọ. Ẹnìkan fi náírà márùn-ún sílẹ̀,
Ìyá Àmúdátù gbé ẹyin adìyẹ méjì kalẹ̀,
ó ní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo kọ ọ́. Wò ó níbẹ̀: ẹyin, méjì.

Owó yìí máa ń rìn dé ibi tí o ò rò.
Gíláàsì ojú fún bàbá tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú.
Páànù mẹ́rin lórí ilé opó kan.
Ọ̀pá aṣọ funfun méje fún àlejò tó kú sí gáréèjì,
tí a sin, tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ di òní.

Ibi tí o bá ti rí àlàfo dípò orúkọ,
má béèrè.
Ọkùnrin tí wọ́n há ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọsibítù tòun ti ìkókó,
tí a lọ fi owó gbà jáde lóru,
òun gan-an ló ń jiyàn jù nípàdé.
Jẹ́ kó jiyàn.
Ọwọ́ tó fúnni tán tó tún ń nàka
ti gba ẹ̀bùn rẹ̀ padà.

Ojú ìwé ogójì: ìjà wà níbẹ̀.
Ọdún tí òjò pẹ́, tí àpò gbẹ,
Alfa Kúrángà dìde, ó gbọn agbádá:
“Ebi ń pa ènìyàn, ẹ ń ra igi fún amọ̀kòkò!
Ṣé ìkòkò ṣeé jẹ ni?”
Ilé pa lọ́lọ́.
Ì bá wù mí kí n sọ pé mo fèsì. N ò fèsì.
Ìyá Ràfátù ti Dàda ló dìde, ó gbọn ìdí ìró,
ó ní àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà ń dúró de òun nídìí amọ̀,
ó lọ.
A san owó igi náà. Ohùn kan péré la fi borí.

Ọdún kejì, ẹ̀gbà mú ọwọ́ ọ̀tún Alfa.
Nọ́ọ̀sì ní kó máa fún nǹkan rírọ̀ mọ́wọ́ láràárọ̀.
Mo rí Ìyá Ràfátù tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá,
amọ̀ tútù nínú ọ̀rá,
láì kí ẹnikẹ́ni ju bó ti yẹ lọ.
Oṣù mẹ́rin. Alfa fún amọ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó bà á jẹ́, ó tún un pọ̀n.
Àwọn ọmọ mẹ́fà bá a sun ọ̀kan,
wọ́n fi omi èèpo irúgbá wọ́n ọn bó ti ń pọ́n lọ́wọ́.
Kò tọrọ àforíjì. Ìkòkò náà sì wọ́.
Òun ni mo ń kó bírò sí. Ó di tìrẹ.

Ohun kan kù, kí n má gbé e lọ sọ́run.
Ẹyin méjì ọjọ́sí, èmi àti akọ̀wé la sè é jẹ.
Ebi ń pa wá, ilẹ̀ ti ṣú.
Mo san án padà nígbà tó yá, àádọ́ta kọ́bọ̀,
ojú ìwé kẹtàlá, lábẹ́ “oríṣiríṣi.”
Bí ọmọ-ọmọ Ìyá Àmúdátù bá dé láti yunifásítì
tó bi ọ́ kí ni ìyá òun dá sí ẹgbẹ́ yìí,
ṣí ìwé fún un.
Má ṣe àlàyé.