Gbèsè Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Tẹlifíṣọ̀n tí a fi ń wò ó, kì í ṣe tèmi.
Ti Bàbá Fálọ́mọ ni, ó gbé e wá fún àtúnṣe lóṣù Agẹmọ.
Mo ti tún un ṣe tán,
mo kàn ń sọ pé ó ku wáyà kan.
Ó wá gbà á lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ń bí i,
ó bá wa lẹ́nu eré, ó jókòó sórí páálí.
Nígbà tó dìde, ó ní, "Jẹ́ kó ṣì wà níbí ná.
Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ta ni n ó máa bá jiyàn?"

Ní Ìsọ̀kun níbí, bí aago mẹ́jọ bá ti lù,
ṣọ́ọ̀bù mi a kún bí àpò àgbàdo.
"Ìlẹ̀kùn Kẹta" ni wọ́n ń pe eré náà.
Ọmọ́wùnmí, ìyàwó inú rẹ̀,
ta ilẹ̀ ọkọ nígbà tí ọkọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.
Láti ìgbà náà ni àlàáfíà ti kúrò ládùúgbò wa.

Nọ́ọ̀sì Adérònpẹ́ ò tilẹ̀ bìkítà fún ilẹ̀:
"Ẹ wo omi tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́!
Kò kán. Láti oṣù méjì, kò kán ẹyọ kan.
Ọkùnrin yìí ì bá ti kú, kí gbogbo wa sinmi."
Tíṣà Arówóbùsóyè, tó ti fẹ̀yìn tì, èdè ni tirẹ̀:
"Wọ́n ní Iléṣà ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀,
Ìjẹ̀ṣà wo ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?"
Ó mú gègé, ó kọ àṣìṣe mẹ́tàlá sẹ́yìn rìsíìtì mi.
Ìyá Ibíyẹmí ń dá àwọn inú ẹ̀rọ lóhùn:
"Má jẹ ẹ́! Má jẹ ọbẹ̀ yẹn, ọmọ mi!"
Ọmọkùnrin náà jẹ ẹ́.
Ìyá wò wá bí ẹni pé àwa la sè é.

Sàǹgóyọmí tó ń jó irin lójúlé kejì
ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ tipẹ́:
kí Ọmọ́wùnmí máa lọ, kó má mú ju gèlè orí rẹ̀.
Ó ní bí wọ́n bá fi lé òun lọ́wọ́,
ìlẹ̀kùn kẹta yẹn, òun á jó o pọ̀ mọ́ férémù.

Lánàá, Ọmọ́wùnmí dojú kọ àwọn ẹbí,
ó la ẹnu: "Ìdí tí mo fi tà á ni pé..."
Iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ mi, epo kò sí nínú rẹ̀.
A pariwo títí ó fi sú wa.

Ìgbà náà ni ohùn kan ti ẹnu ọ̀nà wá,
Ìyá Ọ̀ṣunlékè, tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́,
tí kì í dá sí wa:
"Owó ọsibítù ló fi san.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú u, ta ló gbé kọ́bọ̀ kan wá?
Ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni wọ́n béèrè.
Wọ́n ní mo ta ilẹ̀ baba wọn.
Ó lo oṣù mẹ́rin sí i. Ó rí ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀."

Kò pẹ́ kí a tó gbọ́ "mo" tó sọ.
Bàbá Fálọ́mọ wúkọ́.
Nọ́ọ̀sì kò sọ̀rọ̀ omi mọ́.
Tíṣà tọrọ rìsíìtì, ó fa nǹkan kan pa nínú òkùnkùn,
n kò rí èyí tó jẹ́.

Bàbá bàbá mi, òṣómàáló ni.
Á ta aṣọ láwìn lókè Èkìtì,
bí ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní dìde àfi tó bá gbà á.
Èmi náà ti ń lóṣòó síwájú ẹ̀rọ yìí láti oṣù Agẹmọ,
mo ní ẹni tó kọ eré jẹ mí ní òpin ìtàn.
Lánàá, mo bojú wẹ̀yìn,
n kò mọ ẹni tó jẹ ta mọ́.

Bí Ọjọ́bọ̀ bá tún pé, n ó gbé àga kan,
àga gidi, kì í ṣe páálí, sẹ́nu ọ̀nà.
Mo ti sọ fún Bàbá Fálọ́mọ pé
ó tún ku wáyà kan.