Ọjọ́ Àìkú Tí A Lọ Ka Ìṣísẹ̀

Ìbídùn, wọ bàtà rẹ, ká jáde.
Láti ẹnu ọ̀nà wa dé géètì ilé-ìwé Ìṣarà
a ó ka ìṣísẹ̀,
ìwọ ní tìrẹ, èmi ní tèmi.

Mo mọ̀ pé o ò sùn.
Mo gbọ́ bí o ṣe ń pe orúkọ wọn lábẹ́ aṣọ ìbora,
gbogbo kíláàsì Ìbàdàn, láti iwájú dé ẹ̀yìn,
bí ẹni ń ka owó tó ti sọ nù.

N ò ní ní kò dùn ọ́.
Wọ́n fi ọ́ ṣe ẹ̀rín lọ́jọ́ Ẹtì, o pe iṣu ní “isu”.
Èmi ọmọ Rẹ́mọ, nígbà tí mo dé Ìbàdàn,
wọ́n ní ohùn mi ń lọ́ bí okùn kànga.

Báàjì àtijọ́ tí mo tú lára súwẹ́tà rẹ,
n kò jù ú nù.
Ó wà nínú agolo bọ́tìnnì.
Nígbà tó o bá fẹ́, ṣí i wò.

Ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kàndínlógún, lo wí.
Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀; ẹsẹ̀ mi gùn.
Géètì wà ní títì.
Ọmọbìnrin kan ń bọ́ ewúrẹ́ lẹ́bàá ògiri,
ó wò ọ́ látẹsẹ̀ dórí:
“Ṣé ìwọ lo pe isu?”

Mo di ẹnu ara mi mú.

O ní, “Èmi ni. Kí lorúkọ ewúrẹ́ rẹ?”
Kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó ń ronú.
Ewúrẹ́ náà ò tíì lórúkọ.