Ìtẹ́ Orí Iná

Oṣù karùn-ún ni, yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán lórí òrùlé
ní Wínípẹ́ẹ̀gì yìí, níbi tí omi ti ń dì ju irun lọ,
ni ẹyẹ aláyà-pupa kan bá yan orí iná iwájú ilé wa láàyò.
Kò bèèrè. Kò kanlẹ̀kùn.
Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra;
wọn ò sọ bóyá ẹnu ọ̀nà tèmi tó.

Akínlàjà gbé ìgbálẹ̀ ọlọ́pàá gígùn, ó ní òun á gbá a dànù:
"Tó bá ṣu sórí àwọn oníbàárà rẹ ńkọ́?"
Ìyá Halína, aládùúgbò wa, na ọrùn láti orí ọgbà:
"Ẹyin ti wà níbẹ̀. Òfin ò gbà."
Ọkọ mi wo ìgbálẹ̀, ó wo òkè,
ó ní, "Àwa là ń san owó ilé, ẹyẹ ló ní lọ́yà."

Bí a ṣe di ará ẹ̀yìnkùlé nìyẹn.
Lẹ́tà ń gba gáréèjì wọlé. Àwọn tó fẹ́ dirun
ń gba ẹ̀gbẹ́ ike ìdalẹ̀nù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ okùn aṣọ
kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé níbi tí àga mi wà.
Mo pa iná náà, kí ooru gílóòbù má baà bọ ẹyin.

Lọ́jọ́ kan tí ìyá ẹyẹ wá ekòló lọ,
mo gun àga, mo yọjú.
Ẹyin mẹ́rin, àwọ̀ aró tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi là.
Ṣùgbọ́n ìtẹ́ gan-an ló yà mí lẹ́nu:
láàárín koríko gbígbẹ àti ẹrẹ̀,
irun!
Àtáṣímẹ́ǹtì, dúdú nọ́ńbà wàn,
àti pupa bíi wáìnì tí mo fi ṣe orí Tẹniọlá nígbà Àjíǹde.
Gbogbo èyí tí mo gbá sínú àpò ìdọ̀tí tí afẹ́fẹ́ fà ya
ló ti ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, ló fi kọ́lé.
Kì í ṣe ṣùkú, kì í ṣe kòlẹ́sẹ̀,
ó kàn yí i po bí ẹni ń dirun láìsí dígí.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ìwọ nìkan lo dirun tí o ò san kọ́bọ̀.

N ò mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ṣì kù.

Ẹyin mẹ́ta pa ọmọ. Ìkẹrin dákẹ́.
Lọ́jọ́ kẹtàlá, méjì fò.
Ẹ̀kẹta na apá, ó fà, ó já bọ́, ó so rọ̀
létí ìtẹ́ bí aṣọ tí a gbàgbé sórí okùn.
Pupa bíi wáìnì ló wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń ké lórí wáyà. Ó fò mọ́ mi lójú, ó fi ìyẹ́ gbá mi.
Mo ní, "Jẹ́ kí n tú u. Èmi ni mo ni ín."
Ọwọ́ yìí tó ti di orí tí n ò lè kà,
ó ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀ tí kò ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ.
Akínlàjà di àga mú. Ìyá Halína bọ́ awò ojú rẹ̀ fún mi.
Àlùmọ́gàjí kékeré, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan sí i.
Ó já.
Kò dúpẹ́. Ó jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ mi
fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mejì,
ó gbóná bí ẹ̀pà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan,
ó ṣu sí mi lọ́wọ́, ó fò wọ inú igi Ìyá Halína.

Àpò ìdọ̀tí mi ti ní ìdérí báyìí.
Irun tó bá já, mo ń ká a bí owó.
Iwájú ilé ti ṣí, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń gbà;
ẹsẹ̀ ti mọ ọ̀nà.
Ẹyin kẹrin ṣì wà lókè, aró rẹ̀ ń ṣá.
Akínlàjà ló ní ká má tíì gbá a.
Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́,
ó sì fi gbá àtẹ̀gùn.