Bàbà Ni Bàbá Mi Wò

Owó kaṣú la fi ń sọ̀rọ̀ yìí.
Àpò kaṣú mẹ́rin láti ojú ọ̀nà Ìkòyí,
owó àtúnṣe fóònù oṣù mẹ́ta,
àti ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí mo yá lọ́wọ́ Títílọpẹ́
tí ẹnu rẹ̀ kò tíì bi mí, tí ojú rẹ̀ ń bi mí.

Mo kó o lọ sí ṣọ́ọ̀bù Oyèlàmì ní Ọ́ńdà-Jíì.
Ó tẹ́ káàdì mẹ́ta síwájú mi
bí ẹni ń tẹ́ ẹní fún àna.
"Oní-dírágónì rèé, iná àwọ̀ méje ní ń tàn lára rẹ̀.
Olórí ẹkùn rèé, kò sẹ́ni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ láti Tákíè dé Sábọ̀.
Èyí..." Ó dákẹ́. "Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ."
Dúdú ni. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ohun tí à ń wá,
káàdì yìí ní ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà,
ilé iṣẹ́ sì ti díwọ̀n eré tí yóò máa sá.
Àwa kan wà tí ìwọ̀n ẹlòmíràn kì í tó.
À ń rọra tì í, à ń fi mẹ́wàá kún un, à ń fi márùn-ún kún un,
títí yóò fi sọ pé ó tó,
tàbí títí yóò fi dákẹ́ láì sọ nǹkan kan.

Àjàgbé ti ra dírágónì kí n tó ṣẹ́jú.
Ó ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.
Mo gbé méjì tó kù relé, mo ní n ó dá ọ̀kan padà lálẹ́.

Bàbá mi kò mọ kọ̀ǹpútà.
Ẹ̀rọ ìlọta ló ń bá gbé ní Arówómọ́lẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.
Òun ló ń fún sípíríǹgì rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ ọjà
kí èlùbọ́ lè yára kúnná,
òun náà ló ń pariwo: "Ẹ bomi sí dúrọ́ọ̀mù! Ẹ bomi!"
Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.
Ó yí káàdì dojúdé bí ẹni ń wo ìdí adìẹ ọjà,
ó fẹ́ eruku ìhà wọn,
ó ní, "Níbo ni ooru ń gbà jáde?"

Mo fi páìpù bàbà hàn án.
Ti olórí ẹkùn, mẹ́ta, tín-ín-rín.
Ti aláìlórúkọ, mẹ́fà, ó nípọn tó ọmọńdinrín mi.
"Orúkọ kì í gba ooru," ló wí,
ó padà sídìí èlùbọ́ onílùbọ́.

Bàbà ni bàbá mi wò.
Èmi tí mo kàwé, orúkọ ni mò ń kà.

Mo dúró de ọyẹ́.
Ẹni tó bá fẹ́ ti káàdì lóṣù Ẹrẹ́nà ní Ògbómọ̀ṣọ́,
kó yáa ra méjì.
Nínú oṣù Ọ̀pẹ, tí ètè là, tí gìgísẹ̀ là,
mo ṣí fèrèsé, mo bọ́ kọ̀ǹpútà síhòòhò.
Aago méjì òru ni wọ́n mú iná dé.
Mo fi ogún kún un. Ó sáré.
Mo tún fi ogún kún un. Fáànù ń mí bí ẹni ń gun òkè.
Àádọ́rin. Àádọ́rùn-ún. Àádọ́fà...
ojú kọ̀ǹpútà pín sí àwọ̀ ewé àti àlùkò,
bí aṣọ tí aláró fi ìbínú rẹ.
Ó kú.

Àyà mi. Owó kaṣú. Títílọpẹ́.

Mo tún un tàn. Ó jí. Mo fà á sẹ́yìn
sí eéjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ló jókòó sí dòní.

Mi ò ní purọ́ fún yín:
dírágónì Àjàgbé ń sáré ju tèmi lọ,
ó sì ń ròyìn rẹ̀ káàkiri Ọ́ńdà-Jíì.
Lọ́jọ́ kan ó ní kí n bá òun nu eruku rẹ̀.
Mo tú u.
Páìpù bàbà méje.

Mo dé e padà, mi ò sọ fún bàbá mi.
Dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ń hó.
Mo gbé korobá, mo lọ bomi sí i.